Ohùn Tí Àdìjátù Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Gbọ́

Kò sí ẹni tí Àdìjátù kì í fura sí. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á dá yín lóhùn, àmọ́ á máa wo ẹ̀yìn yín títí ẹ ó fi yà sí kọ̀rọ̀, kó lè mọ ohun tí ẹ wá wò. Òwú ló ń ká fún àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nítorí òwú tó bá ká kì í lọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú onítọ̀hún á rí màbo. Á wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀, á tún un wọ̀n, á ní kó na ọwọ́ méjèèjì jáde kí òun rí i bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Ìyá Ta-nìyẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bá wọn jà. Ó ní orúkọ náà sàn ju kí wọ́n máa pe òun ní Ìyá Gbàgbé lọ.

Ẹ má tíì bú u o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó dàgbà, Àwáwù ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ní 1973 ni wọ́n fi í fọ́kọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Kò pé ọdún méjì tí ìròyìn dé pé Àwáwù kú sórí ìkúnlẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ti sin ín, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe, ebè tútù ni wọ́n nawọ́ sí fún un. Kò sí ẹni tó ṣe é níbi, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá tí kò fojú kan òkú ọmọ rẹ̀? Ó bi wọ́n pé kí ló ń lé wọn. Wọ́n dáhùn, kò gba ìdáhùn wọn gbọ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbà pé ẹnikẹ́ni ń sọ òótọ́ tán fún òun.

Ọkọ rẹ̀, Ìyápọ̀, náà tẹ̀lé ọmọ náà lọ, ó wá ku òun àti ìyálé rẹ̀ nínú ilé. Ìyá Ràsáàkì ni ìyálé yìí, òun sì ni olórí gbogbo àwọn tí Àdìjátù ń fura sí. Bí Ìyá Ràsáàkì bá bu ọbẹ̀ fún un, á dúró dìgbà tí ìyálé bá kọ́kọ́ jẹ lára ti tirẹ̀. Bó bá bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, á máa ronú títí di ọ̀sán pé kí ló kan ìyálé kan oorun òun. Obìnrin méjèèjì jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, wọn kò jà rí, wọn kò sì rẹ́ rí.

Ohun kan péré ló kù lọ́wọ́ Àdìjátù lára Àwáwù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e lọ ilé ọkọ, Àwáwù sun ẹkún ìyàwó bí àwọn ọmọbìnrin wa ti ń sun ún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa ti ilé mọ̀lẹ́bí kan bọ́ sí òmíràn, á máa ki oríkì ilé baba rẹ̀, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, bí ẹnìkan bá sì ti fìyà jẹ ẹ́ nínú ilé, á fi ẹkún wé òkò ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ lù ú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú sí i lọ́jọ́ náà. Tíṣà kan wà tó ń gbé àdúgbò wọn nígbà náà, Olúkúnlé lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń tẹ̀ lé ìyàwó kiri, téèpù ńlá tí wọ́n ká sára àwo, mẹ́rin, ló gbà kún. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tíṣà lọ sí ibòmíràn, ó kó téèpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìyá Àwáwù, ó sì ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún Jẹ́ẹ́dé tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà.

Bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, Àdìjátù á kó téèpù wọ̀nyẹn sábẹ́ ìborùn, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́ẹ́dé. Á ní kí Jẹ́ẹ́dé ti ilẹ̀kùn. Á gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á nu ojú, á kó téèpù rẹ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé padà sílé kí ìyálé má bàa bi í pé ibo ló ti ń bọ̀. Lójú rẹ̀, bí Ìyá Ràsáàkì bá mọ ibi tí téèpù náà wà pẹ́nrẹ́n, á dáná sun ún. Ó sì ní ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, nítorí nínú òkò ọ̀rọ̀ tí Àwáwù sọ lọ́jọ́ náà, èyí tó tóbi jù, ìyálé ló bà.

Ní ọdún 1982, Jẹ́ẹ́dé fi ìka nu ara téèpù kan, ó sì fi ìka náà hàn án. Eruku pupa ló wà níbẹ̀. Ó ní ooru ti ń bà á jẹ́, pé ara téèpù náà ni ó ń bó yẹn, ohùn Àwáwù sì wà lára ohun tó ń bó. Bí wọ́n bá tún lò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò dá òun lójú pé yóò sọ̀rọ̀ mọ́. Àdìjátù na ọwọ́ sí i. Ó mú ìka ọkùnrin náà, ó wò ó tinú tẹ̀yìn, bóyá ó ti fi nǹkan pa á tẹ́lẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí òun fún ohùn náà pọ̀. Àwo òfìfo kan péré ló kù lọ́wọ́ òun, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní Ìbàdàn, àmọ́ bí òun bá mú kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́ bó ti ń gbà á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ inú ọ̀kan yẹn. Ohùn náà lè dákú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kò ní jábọ́. Ọ̀nà kejì ni kí òun yí i padà sí kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn kékeré tó wà nílé gbogbo ènìyàn báyìí. Èyí tí òun bá fún pọ̀, ẹ̀rọ ńlá nìkan ló lè sọ ọ́. Èyí tó bá di kásẹ́ẹ̀tì, rédíò ọwọ́ ọmọ ilé ìwé lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi òun, kásẹ́ẹ̀tì ni òun máa mú, torí àwọn ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyí ń kú lọ ni, ẹnikẹ́ni kò sì kó òmíràn wọ̀lú mọ́.

Bó ti sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ni òun máa mú, bẹ́ẹ̀ náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Àdìjátù. Kí ló kàn án nínú rẹ̀ tó fi ń yàn fún un? Ó ro ti Ràsáàkì, ọmọ ìyálé, tó ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì láìpẹ́, tó ń fi í dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàmú. Ó ti rí i bí Ràsáàkì ti ń tẹ bọ́tìnnì kan, tí wáàsí ààfáà á pa rẹ́, tí orin á gba ipò rẹ̀. Ìka kan péré. Ìyá Ràsáàkì náà ní ìka mẹ́wàá. Ó tún ro àwọn tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì kiri ibùdókọ̀, pé bí ohùn ọmọ òun bá bọ́ sọ́wọ́ wọn, gbogbo awakọ̀ tó ń lọ Ṣakí ni yóò máa gbọ́ ẹkún Àwáwù, tí wọn yóò máa jẹ ẹ̀pà sí i.

Ó ní, "Fún un pọ̀ fún mi. Ohun tí gbogbo ayé bá lè gbọ́, gbogbo ayé lè bà á jẹ́."

Jẹ́ẹ́dé ní, "Ìyá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò wá lè gbọ́ ńkọ́?"

Àdìjátù ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ ná, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ Jẹ́ẹ́dé ni mo rò pé ó tọ̀nà, àmọ́ bí mo bá wà níbẹ̀, Àdìjátù á ti fura sí èmi náà.

Ẹ̀rọ ńlá mìíràn wà lọ́wọ́ Jẹ́ẹ́dé tó rà lálòkù, ti tíṣà ni yóò máa sọ, èkejì á máa gbà. Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà Àdìjátù gbé ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé, ó gbé òwú sórí itan, ó sì dojú kọ ọwọ́ ọkùnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹyẹ lóko ìrẹsì. Kò jẹ́ kí oníbàárà kankan wọlé. Nígbà tó tó àkókò ìrun, ó ní kí Jẹ́ẹ́dé pa ẹ̀rọ títí òun á fi kí i tán. Ó rí wáyà kan tó gba abẹ́ tábìlì lọ, ó bi í pé ibo ló ń lọ. Jẹ́ẹ́dé ní wáyà iná ni. Àdìjátù tẹ orí ba, ó wo wáyà náà, ó sì gbé orí padà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ohùn Àwáwù ti wà lára àwo kan ṣoṣo, ó dákú díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ni. Jẹ́ẹ́dé ní kí àwọn téèpù àtijọ́ wà lọ́dọ̀ òun, bóyá ọjọ́ kan ìmọ̀ á pọ̀ sí i. Ẹ̀rín ni Àdìjátù fi dá a lóhùn. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ẹ̀yìn ilé, ó da epo kẹrosín-ìn sí i, ó sì dúró tì í títí ó fi di eérú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan he níbẹ̀.

Ọyẹ́ kan kọjá, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, iná ìjọba dé pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ, ó sì jó ẹ̀rọ ńlá náà mọ́ Jẹ́ẹ́dé lójú. Èyí tó rà lálòkù, ó ti yọ ara rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe tipẹ́. Ó lọ Ìbàdàn, ó lọ Ọ̀yọ́, ọwọ́ òfìfo ló gbé bọ̀. Àdìjátù ní ó ti tà á ni. Ó ní kó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fún òun, Jẹ́ẹ́dé ṣí i, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àdìjátù fi ìka kan dúdú náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó padà sílé, ó sì jókòó ti àpótí tí àwo téèpù wà. Ó gbé àwo náà sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sunkún lọ́jọ́ náà débi tí Ìyá Ràsáàkì fi yọjú sí i pé kí ló dé, ó sì ní èéfín ló wọ òun lójú, nígbà tí kò sí ẹni tó dáná nínú ilé.

Ó di ọyẹ́ ọdún 1985. Wọ́n fẹ́ gbé Àrínọlá, ọmọ oníyọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, lọ ilé ọkọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í jókòó ti àgbà mọ́ láti kọ́ ẹkún ìyàwó, ìdí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń jókòó sí. Ìrọ̀lẹ́ ni Àrínọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé iwájú ilé Ládòkun, baálé agboolé Àdìjátù. Ìyàwó bo ojú, ó gbóhùn sókè, ó ń sunkún rẹ̀ geere. Àfi bí ó ti yí padà, tó kọjú sí ìyá rẹ̀ oníyọ̀, tó ní:

"Ìyá mi, aká-òwú-má-já,
Ẹ ká mi títí, n kò já,
Ọ̀la lẹ ó fi mí lé ahunṣọ lọ́wọ́,
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi mí hun àkísà."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Iyọ̀ ni ìyá Àrínọlá ń tà láti ìgbà èwe, òwú abẹ́rẹ́ nìkan ló mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyàwó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà kò dúró o, ó tún bọ́ sínú oríkì ilé baba, oríkì ilé Ládòkun gan-an ló sì ń kì, ìyẹn ilé tí kò sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ó ń kì í lójú onílé. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo ìyàwó parí sí, kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilé onílé ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe bá a nínú kásẹ́ẹ̀tì ló ṣe kó gbogbo rẹ̀ mì.

Àdìjátù ti dìde. Àwáwù ló fi orí ara rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ òwú yẹn, kò sí ibòmíràn láyé tí ènìyàn ti lè gbọ́ ọ. Wáyà abẹ́ tábìlì sọ sí i lọ́kàn lójijì: kì í ṣe wáyà iná, ohùn ló ń gbé lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Inú bí i débi tí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀ tí kò mọ̀. Ó ké sí Ládòkun níṣojú gbogbo èrò pé Jẹ́ẹ́dé ti jí ohùn ọmọ òun, pé òun ti wí i tipẹ́tipẹ́, ayé ló ní òun ń ṣe àṣejù.

Ládòkun kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ oríkì ṣeré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe agboolé jọ síwájú ilé, wọ́n sì lọ mú Jẹ́ẹ́dé wá pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ràsáàkì gbé rédíò rẹ̀ jáde. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá Ràsáàkì láàárín wọn, Àdìjátù sì dá dúró. Ládòkun ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ilé yìí ló ti lọ ilé ọkọ ní ìlú káàkiri, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó gbà á, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wá bọ́ sọ́wọ́ Jẹ́ẹ́dé, a ó kìlọ̀ fún un, a ó sì jẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohùn Àwáwù ni, ohùn òkú tí ìyá rẹ̀ kò fi fún un, a ó lọ kó gbogbo rẹ̀ nílé àwọn ọmọge tó tà á fún, a ó dáná sun ún lọ́sàn-án òní, Jẹ́ẹ́dé á sì bá wa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àdìjátù ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n sun ún dáadáa.

Jẹ́ẹ́dé kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá gbọ́ ọ ná kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ràsáàkì tẹ bọ́tìnnì.

Àwáwù kọ́kọ́ wúkọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì, ó ní kí tíṣà má sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn. Kò dákú rárá, ó mọ́ gaara ju bí Àdìjátù ti gbọ́ ọ kẹ́yìn lọ, ó ń jáde láti inú rédíò tí orin àwọn ọ̀dọ́ ń gbà jáde lójoojúmọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní aká-òwú-má-já. Àdìjátù jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jó, ó ti ń bẹ̀rù nínú ara rẹ̀ pé òun ti ń gbàgbé bí ọmọ náà ṣe ń pe òun. Kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó wo Jẹ́ẹ́dé, ó sì rí i pé olè ni ní tòótọ́, òun kò ṣì í fura sí. Àmọ́ àwo tó wà nínú àpótí ti yadi, èyí tó wà lára téèpù àtijọ́, òun fúnra òun ló da kẹrosín-ìn sí i. Gbogbo ibi tí òun ti ṣọ́ ọmọ náà ló ti sọ nù. Ọ̀dọ̀ olè nìkan ló kù sí, òun náà ló sì lọ ké sí àwọn ènìyàn kí wọ́n wá sun ún. Ládòkun gbé ọwọ́ sókè, Ràsáàkì sì rẹ ohùn rédíò sílẹ̀.

Baálé ní, "Ìyá Àwáwù, ṣé ohùn ọmọ rẹ nìyí?"

Nínú rédíò, Àwáwù tún ń pè é.

Àdìjátù ní, "Baálé, n kò mọ ohùn yìí rí."

 Jẹ́ẹ́dé gbé ojú sókè, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Ládòkun lọ́rùn, torí ẹni tó ké lánàá kò lè gbàgbé lónìí. Ó yíjú sí Ìyá Ràsáàkì, ó ní òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àwáwù sunkún, kó sọ ohun tó mọ̀. Àkókò náà gan-an ni ohùn inú rédíò dé ibi òkò ọ̀rọ̀, pé àwọn kan ń pín ẹran nínú ilé yìí, egungun ni wọ́n ń jù sínú abọ́ ọmọ orogún. Àwọn ìyàwó ilé ń wo ìyálé láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Àdìjátù mọ̀ pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni obìnrin náà máa sọ, iná á sì jó òkò ọ̀rọ̀ tí Àwáwù sọ lù ú run, bí òun bá sì wà nípò rẹ̀, òun á sọ ọ́.

Ìyá Ràsáàkì tún ìró rẹ̀ ró. Kò wo Àdìjátù.

Ó ní, "Baálé, èmi náà kò mọ ọmọ yìí. Àmọ́ òótọ́ ló ń sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Ràsáàkì yí ohùn rédíò sókè padà, Àwáwù sì ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.